Ẹ má fọwọ́ sí ọkọ̀ ojú irin tuntun kó tó sáré tó

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Nígbàkígbà tí a bá gbọ́ pé ìlú ńlá kan ra ọkọ̀ ojú irin ìgboro tuntun, tí ọkọ̀ náà ò sì tíì pé ọdún méjì tó fi ń dákú lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ méjì làwọn èèyàn máa ń sọ: pé ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló ta ọjà tí kò dáa, tàbí pé àwọn aláṣẹ ti jẹ owó. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Àmọ́ ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé àdéhùn irú ọjà bẹ́ẹ̀, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń to ọkọ̀ náà, mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni àìsàn náà ń ti ọwọ́ olùrà wá. Ọjọ́ tó bá fọwọ́ sí i pé òun ti gbà á ni wàhálà ń wọlé, nígbà tí ọkọ̀ náà ò tíì sáré tó lórí irin tirẹ̀, pẹ̀lú èrò tirẹ̀, lọ́wọ́ awakọ̀ tirẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn. Ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà ni màá sì fi ṣàlàyé jù, nítorí pé ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti ra irú ọkọ̀ yìí láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, kò sì sí ìgbà kan tí ìṣòro kò bá a.

Ọkọ̀ tí mò ń sọ kì í ṣe rélùwéè tó ń ti ìlú kan dé ìlú mìíràn. Iná tó ń ti ara wáyà wá láti òkè ni wọ́n fi ń wà á. Ó ń gba ojú títì láàárín mọ́tò àti ẹlẹ́sẹ̀, ó sì tún ń wọ ihò abẹ́ ilẹ̀ bí ọkọ̀ ojú irin ńlá. Ní San Francisco, èrò ń ti ilẹ̀ẹ́lẹ̀ gòkè sínú rẹ̀ lójú títì, ṣùgbọ́n nínú ihò, pèpéle ibùdó ga dé ẹnu ilẹ̀kùn. Nítorí náà, àtẹ̀gùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ kó sì tún gbé ara rẹ̀ sókè. Gbogbo ohun tó bá ń gbéra báyìí nínú ọkọ̀ ni yóò bàjẹ́ lọ́jọ́ kan. Kò sí bí wọ́n ṣe lè rà á láti inú àtẹ ẹlẹ́rù bí ẹní ra mọ́tò. Àkànṣe ni, ìlú tó fẹ́ ẹ ló sì gbọ́dọ̀ kọ bó ṣe fẹ́ ẹ sílẹ̀.

Ọjà àkọ́kọ́ wáyé ní 1973. Boston àti San Francisco para pọ̀ láti ra ọkọ̀ kan náà, nítorí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, tó ń fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́, fẹ́ kí oríṣi ọkọ̀ kan ṣoṣo wà tí gbogbo ìlú yóò máa rà. Boeing Vertol ló gba iṣẹ́ náà. Ẹ̀ka tó ń ṣe hẹlikọ́pítà ni, ogun Vietnam ń parí lọ, wọ́n sì ń wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Boston ra 175, San Francisco ra 100. Ohun tí ìlú méjèèjì nílò kò jọra: Boston ní kọ̀rọ̀ tóóró nínú ihò àtijọ́, San Francisco ní òkè gíga àti àtẹ̀gùn tó ń lọ sókè sódò. Wọ́n kó ìbéèrè méjèèjì sínú ọkọ̀ kan. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá 1976, Boston kó èrò sínú wọn fún ìgbà àkọ́kọ́, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ń yẹ̀ kúrò lórí irin ní kọ̀rọ̀. Ilẹ̀kùn wọn ò tì, ẹ̀rọ tó ń yí wíìlì wọn ń jó. Ẹ̀rọ amúlétutù wọn ń fa afẹ́fẹ́ láti abẹ́ ọkọ̀, níbi tí ìdọ̀tí ojú irin pọ̀ sí jù, ó sì ń dí. Àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọkọ̀ kan láti fi wo òmíràn sàn. Nígbà tó yá, Boston kọ ogójì tó gbẹ̀yìn, Boeing sì gbà ní 1979 láti san mílíọ̀nù 40 dọ́là fún wọn. San Francisco ra mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú àwọn tí Boston kọ̀, nítorí ọkọ̀ kò tó o.

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé àwọn onímọ̀ Boeing ò mọ iṣẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti jáde ní ilé iṣẹ́ kí àbùkù àwọn àkọ́kọ́ tó hàn. Bí àbùkù bá wà nínú ọkọ̀ mẹ́ta, ìyẹn ò ju iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ. Bó bá wà nínú ọgọ́rùn-ún, ọdún púpọ̀ ni.

Ọjà kejì ni ti Breda láti Ítálì, ọkọ̀ 151, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù Kejìlá 1996. Wọ́n wúwo, ariwo wọn ń da ilé tó wà lẹ́bàá títì láàmú, wọ́n sì ń bàjẹ́ léraléra. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ ra ẹ̀kẹta ní 2014, wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn tí wọ́n bá Siemens ṣe pé ọkọ̀ tuntun gbọ́dọ̀ lè rin 25,000 máìlì kó tó ní ìdíwọ́ kan. Àwọn ti Breda kò ju nǹkan bíi 5,000 lọ. Ilé iṣẹ́ Siemens tó wà ní Sacramento, ní California níbẹ̀, ló ṣe wọ́n. Èyí àkọ́kọ́ gbé èrò ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá 2017. Ọkọ̀ mẹ́jọ lé lọ́gọ́ta ló wà nínú ìpele àkọ́kọ́. Nígbà tó fi di oṣù Kẹrin 2019, ohun mẹ́ta tú síta láàárín àsìkò kan náà: ilẹ̀kùn, ìkọ́ tó ń so ọkọ̀ pọ̀, àti wíìlì. Àwọn aṣojú ìlú dá owó tó kù dúró títí wọ́n fi gbọ́ bí wọ́n ṣe máa tún wọn ṣe. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe nìyẹn.

Ilẹ̀kùn ló tọ́ kí n pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí òun ló ń dá ọkọ̀ ojú irin ìgboro dúró ju ẹ̀rọ tó ń yí wíìlì rẹ̀ lọ. Ọwọ́ èrò kì í dé ibi tí ẹ̀rọ yẹn wà. Ilẹ̀kùn ń ṣí, ó ń tì, ní gbogbo ibùdó, láti àárọ̀ kùtù títí ilẹ̀ fi ṣú; àgbà ń fara tì í, ọmọdé ń fi ẹsẹ̀ dí i, okùn àpò ń há sí i, iyanrìn ń kún ojú ọ̀nà tó ń gbà rìn. Ní etí rẹ̀ ni rọ́bà kan wà tó ń fura. Bí nǹkan bá tẹ rọ́bà náà, ó ń ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà pé kí ilẹ̀kùn ṣí padà. Kọ̀ǹpútà náà tún ń wo agbára tí ẹ̀rọ ilẹ̀kùn fi ń tì; bí agbára náà bá ṣàdédé ga, ó mọ̀ pé ohun kan há. Lẹ́yìn gbogbo èyí, wáyà kan gba ara gbogbo ilẹ̀kùn kọjá, ẹyọ kan ṣoṣo tí kò bá tì dé ibi tó yẹ ti já ìlà náà nìyẹn, ọkọ̀ ò sì ní lè gbéra.

Ọkọ̀ Siemens tí San Francisco rà ní ilẹ̀kùn alápá méjì láàárín, ṣùgbọ́n ti orí àti ti ìdí rẹ̀ jẹ́ alápá kan, tó ń sún lọ bá férémù ara ọkọ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin 2019, ní ibùdó Embarcadero, irú ilẹ̀kùn alápá kan yẹn pa ọwọ́ obìnrin kan pọ̀. Ọkọ̀ náà kà á sí pé gbogbo ilẹ̀kùn ti tì, ó gbéra, ó wọ́ obìnrin náà lọ títí ó fi já sórí irin. Wọ́n ní láti ti àwọn ilẹ̀kùn yẹn pa nínú gbogbo ọkọ̀ tuntun títí Siemens fi tún ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fura ṣe. Ohun tó tinrín ni ó máa ń tan irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ jẹ. Rọ́bà etí rẹ̀ rọ̀, ó lè yí ọwọ́ tàbí okùn ká, kí ilẹ̀kùn sì dé ibi tí kọ̀ǹpútà mọ̀ sí ibi títì. Nígbà tí àwọn olùyẹ̀wò bá fi pákó tó nípọn dán an wò, yóò ṣí. Bó bá jẹ́ ọrùn ọwọ́ ọmọdé, ó lè má ṣí. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń rà á mú ọ̀pá tó tinrín bí ọrùn ọwọ́, okùn àpò, etí aṣọ àti okùn ajá, kí wọ́n fi wọ́n dí ilẹ̀kùn ní òkè, láàárín àti nísàlẹ̀, ní gbogbo ilẹ̀kùn, lẹ́yìn náà kí wọ́n fà wọ́n bí ẹni pé ọkọ̀ ti ń lọ. Ọ̀sán kan péré ni gbogbo ìdánwò yìí máa gbà fún ọkọ̀ kan.

Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ní Ottawa, olú ìlú Kánádà, jẹ́ òdì kejì. Alstom ló ṣe ọkọ̀ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n fún wọn, ìlà náà sì ṣí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án 2019. Bí èrò kan bá di ilẹ̀kùn mú kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè sáré wọlé, ilẹ̀kùn náà lè daṣẹ́ sílẹ̀, kó má gbọ́ àṣẹ kankan mọ́. Ọkọ̀ náà á dúró gbagidi níbẹ̀, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á dúró, ìlà kan ṣoṣo náà á sì dí. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí èrò pé wọn ò mọ ìwà hù. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìlú tó ní ọkọ̀ ojú irin ló mọ̀ pé èrò yóò di ilẹ̀kùn mú. Ọkọ̀ tí kò bá lè fara da ìyẹn kò tíì yẹ ní gbígbà. Ohun tó yẹ kí àdéhùn sọ ni iye ìgbà tí ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ tún gbìyànjú láti tì kó tó jọ̀wọ́ ara rẹ̀, àti iye ìṣẹ́jú àáyá tí awakọ̀ nílò láti ti ilẹ̀kùn kan ṣoṣo náà pa kúrò nínú ìlà, kí ọkọ̀ sì máa lọ. Bí awakọ̀ bá ní láti dìde lórí ìjókòó rẹ̀, kó la àárín èrò kọjá lọ síbẹ̀, ó ti di ìdádúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Wíìlì ni ọ̀rọ̀ kejì. Irin ni wíìlì, irin ló ń rìn lórí rẹ̀, ibi tí méjèèjì ti fi ara kan ara kò sì ju ojú owó ẹyọ kan lọ. Bí bíréèkì bá gbá wíìlì mú lójijì nígbà tí irin tutù tàbí tí ewé wà lójú rẹ̀, wíìlì ò ní yí mọ́, yóò máa yọ̀. Níbi tó ti ń yọ̀ yẹn ni ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ti ń pẹlẹbẹ. Bó bá tún yí, ó ń lu irin gbì, gbì, gbì, ní gbogbo ìgbà tó bá yí po. Ariwo ni èrò ń gbọ́, àmọ́ bèárìn, bóòtù àti ojú irin fúnra rẹ̀ ló ń jẹ ìyà rẹ̀. Oògùn rẹ̀ ni kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà sórí ẹ̀rọ tó ń fá wíìlì títí yóò fi rí róbótó. Ìfá kọ̀ọ̀kan ń dín ọjọ́ ayé wíìlì kù. Àwọn wíìlì tó wà lábẹ́ férémù kan náà kò sì gbọdọ̀ tóbi jura lọ, nítorí náà bí ẹyọ kan bá pẹlẹbẹ, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà máa jẹ nínú ìfá náà.

Ní San Francisco, àwọn awakọ̀ ń tẹ bọ́tìnnì pàjáwìrì ọkọ̀ tuntun náà ju bí àwọn tó ṣe é ṣe rò lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ó yẹ kó rí: mọ́tò ń já wọ iwájú wọn, ẹlẹ́sẹ̀ ń sáré sọdá. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, gbogbo bíréèkì á gbá a mú lẹ́ẹ̀kan náà, wíìlì á sì yọ̀. Irú ọkọ̀ yìí ní bíréèkì òòfà, irin gígùn kan tó ń bọ́ sílẹ̀ láti abẹ́ ọkọ̀ láti di ojú irin fúnra rẹ̀ mú láì fi wíìlì ṣe. Ara àwọn àtúnṣe tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni kí wọ́n fi irú bíréèkì òòfà yìí sí férémù wíìlì àárín pẹ̀lú, kí agbára ìdúró má baà dá lé wíìlì nìkan. Ottawa náà jẹ nínú ìyà yìí nígbà òtútù àkọ́kọ́ wọn: wíìlì pẹlẹbẹ lọ́pọ̀ yanturu, ọkọ̀ tó ń dúró de ẹ̀rọ ìfá sì pọ̀ débi pé èyí tó kù kò tó kó èrò. Ìlú tó bá ra ọgọ́ta ọkọ̀ tí kò sì ra ẹ̀rọ ìfá tó tó wọn, ó ti mọ̀ọ́mọ̀ yan ìyà.

Ọ̀rọ̀ ìkọ́ kò gùn. Nínú ìkọ́ tó ń so ọkọ̀ kan mọ́ èkejì ni píìnì kan wà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kó lè ṣẹ́ bí ìkọlù bá le, kí agbára náà má baà dé egungun ọkọ̀. Ní San Francisco, àwọn píìnì yẹn ń ṣẹ́ láìsí ìkọlù ńlá kankan. Wọ́n wá fòfin de síso ọkọ̀ tuntun méjì pọ̀. Ẹ ro bó ṣe rí ná: wọ́n ra ọkọ̀ kí èrò lè rí àyè, àmọ́ lásìkò tí èrò pọ̀ jù, ẹyọ kan ṣoṣo ló lè jáde. Tí wọ́n bá ti so méjì pọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n kó àpò iyanrìn tó wúwo bí èrò sínú wọn, tí wọ́n sì wà wọ́n gòkè sọ̀ kalẹ̀ fún oṣù kan lórí òkè tó ga jù nílùú náà, píìnì yẹn ì bá ti ṣẹ́ lójú àwọn ẹlẹ́rọ dípò lójú èrò.

Ìjókòó ọkọ̀ Siemens náà fa àròyé. Wọ́n to gbogbo rẹ̀ mọ́ ara ògiri ọkọ̀, ó ga, ó sì ń yọ̀, tó fi jẹ́ pé bí bíréèkì bá gbá a mú, ẹni tó kúrú á sún lọ bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ìpele kejì wọ́n yí díẹ̀ padà kó máa kọjú síwájú, wọ́n sì rẹ̀ wọ́n sílẹ̀. Pákó àti ìṣó ni wọ́n fi ń ṣe àwòṣe inú ọkọ̀ kí ilé iṣẹ́ tó gé irin kankan. Ẹ pe àgbàlagbà, ẹ pe ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, ẹ pe ìyá tó gbé ọmọ, kí wọ́n jókòó nínú rẹ̀.

Mo fẹ́ padà sí Boston, nítorí ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Lẹ́yìn Boeing, wọ́n ra ọkọ̀ mìíràn lọ́wọ́ Breda, tí ilẹ̀ inú rẹ̀ rẹlẹ̀ láàárín kí arọ àti àgbàlagbà lè wọlé láìgun àtẹ̀gùn. Àwọn àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1999, wọ́n sì ń yẹ̀ kúrò lórí irin. Wàhálà náà le débi pé ní 2004 wọ́n fagi lé ìyókù, kí wọ́n tó tún padà sí àdéhùn lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nínú ọkọ̀ àtijọ́, ọ̀pá irin kan ló so wíìlì ọ̀tún mọ́ ti òsì, ojú wíìlì sì fi díẹ̀ ṣóńṣó síta. Nítorí ọ̀pá yẹn, wíìlì méjèèjì ń yí lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọkọ̀ bá sì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìṣóńṣó yẹn ló ń darí rẹ̀ padà sáàárín. Kí ilẹ̀ inú ọkọ̀ tó lè rẹlẹ̀, wọ́n ní láti yọ ọ̀pá náà kúrò láàárín. Wíìlì kọ̀ọ̀kan wá ń yí lọ́tọ̀, kò sí ohun tó ń dá a padà sáàárín mọ́ bí kò ṣe etí wíìlì tó ń ha ojú irin. Lórí irin tó dán, tó tọ́, ìyẹn ò burú. Lórí irin àtijọ́ tó ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ìwọ̀n àárín rẹ̀ ń fẹ̀ tó sì ń há, etí wíìlì lè gun orí irin kó sì bọ́ síta.

Nítorí náà, irin ni Boston tún ṣe: wọ́n mú òfin bí irin ṣe gbọ́dọ̀ rí le sí i, wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n déédéé. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ọkọ̀ márùndínlọ́gọ́rùn-ún ni wọ́n gbà dípò ọgọ́rùn-ún. Ìlú tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ tílẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọn gbogbo irin rẹ̀, kọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, kó sì fi ìwọ̀n ohun tó rí lọ ẹni tó fẹ́ ṣe ọkọ̀. Kó má fi ìwọ̀n tó wà nínú ìwé láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ́ irin ránṣẹ́. Toronto ní Kánádà mọ èyí. Irin tiwọn fẹ̀ ní 1,495 mílímítà, nígbà tí ti ọ̀pọ̀ ìlú jẹ́ 1,435. Àwọn kọ̀rọ̀ wọn há gan-an, nǹkan bíi mítà mọ́kànlá láti àárín ìyípo. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sínú àdéhùn ọkọ̀ 204 tí wọ́n bá ilé iṣẹ́ Bombardier ṣe ní 2009, ọkọ̀ náà sì ń rìn dáadáa ní kọ̀rọ̀ wọn.

Ibòmíràn ni Toronto ti ríjà. Mẹ́síkò ni wọ́n ti ń ṣe àwọn apá ńlá ara ọkọ̀, wọ́n wá ń kó wọn lọ sí Thunder Bay ní Kánádà láti tò wọ́n. Nígbà tí wọ́n gbé wọn débẹ̀, wọn ò bára mu. Ẹni tó mọ iṣẹ́ jíjó irin mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí: ẹ ó gé e, ẹ ó tún un jó, ẹ ó tún un wọ̀n, ìrètí pé ẹ ó ṣe ọkọ̀ méjì lọ́sẹ̀ á sì di ti ọkọ̀ kan lóṣù. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ gbé èrò ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 2014. Èyí tó gbẹ̀yìn ò dé títí di oṣù Kínní 2020. Ní 2018 ó tún hàn pé ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ nínú mẹ́tàdínláàádọ́rin lára àwọn tí wọ́n ti kó dé kò dára tó, wọ́n sì ní láti dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan fún àtúnṣe. Olùrà tí kò bá rán olùyẹ̀wò tirẹ̀ lọ jókòó sí ilé iṣẹ́ tó ń jó egungun ọkọ̀, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń kùn ún lọ́dà nìkan, irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ni yóò gbọ́ lọ́jọ́ kan.

Báwo wá ni kí ìlú ṣe rà á? Kí ọkọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọ́kọ́ dé, kí ilé iṣẹ́ má sì tíì ṣe ìyókù títí àwọn wọ̀nyí yóò fi rin oṣù mẹ́fà ó kéré tán, ìgbà òjò tàbí òtútù nínú rẹ̀, láì kó èrò ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́. Kí wọ́n pín owó sí wẹ́wẹ́: díẹ̀ nígbà tí àwòrán bá pé, díẹ̀ nígbà tí egungun ọkọ̀ bá jáde, púpọ̀ nígbà tó bá dé, àmọ́ kí apá kan tó dun ilé iṣẹ́ náà, bí ìdá mẹ́wàá, wà lọ́wọ́ olùrà títí gbogbo ọkọ̀ lápapọ̀ yóò fi pé iye máìlì tí àdéhùn sọ láìní ìdíwọ́. Kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìdíwọ́ sílẹ̀ kedere, bí àpẹẹrẹ, ohunkóhun tó bá dá ọkọ̀ dúró ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, nítorí ibẹ̀ ni amòfin ilé iṣẹ́ máa ń gbà yọ. Kí ìdánilójú ọkọ̀, ìyẹn àsìkò tí ilé iṣẹ́ fi máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó bá kó èrò, kì í ṣe láti ọjọ́ tó kúrò ní ilé iṣẹ́. Kí wọ́n ra ìwé àtúnṣe, irinṣẹ́ àti ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka àbùkù nínú owó kan náà. Ẹni tó bá fi wọ́n sílẹ̀ di ẹ̀yìn ọ̀la máa rà wọ́n lówó gọbọi. Kí awakọ̀ àti àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe sì jókòó síbi tí wọ́n ti ń kọ àdéhùn náà. Wọ́n mọ ohun tó ń bàjẹ́.

Òṣùwọ̀n ìdánwò tó ṣáájú ṣíṣí ìlà ni wọn kò gbọdọ̀ yí padà rárá. Ní Ottawa, ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ni pé kí ọkọ̀ ṣiṣẹ́ ọjọ́ méjìlá léraléra, kí ó sì ṣe ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe. Nígbà tí ìdánwò ń lọ tí kò sì ń gún, wọ́n sọ ọ́ di ìdá 96, ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú méjìlá. Àwọn aṣojú ìlú tó yẹ kó mọ̀ kò mọ̀ pé wọ́n ti yí i padà. Adájọ́ William Hourigan, tó ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ náà ní gbangba, gbé èyí jáde nínú ìjábọ̀ rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 2022. Lẹ́yìn tí ìlà ti ṣí ni ohun tí ìdánwò fi pa mọ́ wá ń jáde: ilẹ̀kùn, wíìlì, bèárìn tó run tó sì mú ọkọ̀ yẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 2021, àti ọkọ̀ mìíràn tó yẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà nítorí wọn ò dé bóòtù tó di àpótí jíà mú dáadáa lẹ́yìn àtúnṣe. Ìyẹn ti gbogbo ìlà náà pa fún ọjọ́ mẹ́rìnléláàádọ́ta.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ló kù. Ottawa jẹ́ kí bọ́ọ̀sì àtijọ́ máa bá ọkọ̀ ojú irin tuntun rìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lẹ́yìn tí ìlà ṣí, wọ́n sì kó wọn kúrò ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá 2019. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í dí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì há sórí pèpéle láìní ohun mìíràn tó máa gbé wọn dé ibi iṣẹ́. Èmi ò ní gbà pé kí ìlú kankan tú bọ́ọ̀sì rẹ̀ ká, tàbí kó ta ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ rẹ̀ fún àwọn tó ń ra àlòkù irin, kí ọkọ̀ tuntun tó lo oṣù mẹ́fà pẹ̀lú èrò kíkún, tí iye ìdíwọ́ rẹ̀ sì wà lójú pátákó fún gbogbo ènìyàn láti kà lóṣooṣù. Kí wọ́n fi owó epo àti owó oṣù àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì wọ̀nyẹn kún iye owó ọkọ̀ tuntun látìbẹ̀rẹ̀, kí ó wà nínú ìṣirò tí wọ́n máa gbé síwájú àwọn aṣojú ìlú kí wọ́n tó dìbò.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé yín kan tó mọ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin